Caper: ìrudi inú ìgò, ìbẹ́sókè, magomágo, ọkọ̀ ojú omi. Báwo lẹ ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí?

Ògbufọ̀_Yábàá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, caper, ló dá iṣẹ́ dúró. Eré alápá púpọ̀ ni, ohùn Yorùbá la fẹ́ fi sí i. Ní apá kìn-ín-ní, alásè kan ní kí wọ́n da ṣíbí méjì caper sórí ẹja. Ní apá kejì, ọmọdé kan ń caper kiri ọgbà. Ní apá kẹta, ọlọ́pàá ń bèèrè ẹni tó wà nídìí caper. Nígbà tó máa fi di apá kẹrin, caper ti di ọkọ̀ ojú omi. Kí ló pa ẹja, ọmọdé, olè àti ọkọ̀ pọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó lè gbé gbogbo rẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì làwọn òṣèré máa wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀.

ÌwéÈdè_Akọkà
Kò sí o, ẹ má sì wá a. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ló ní ìtumọ̀ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tí Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹ̀wù kan náà fún. Bí igbá, ìgbà àti igba ṣe máa rí lójú ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ti oúnjẹ wá láti èdè Gíríìkì, kápparis, ó sì di capparis lẹ́nu àwọn ará Róòmù. Caperis ni Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń pè é. Àwọn èèyàn rò pé s tó wà nídìí rẹ̀ ń sọ pé ó ju ẹyọ kan lọ, ni wọ́n bá gé e dànù. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún pease tó di pea.

Ti ìfò, ewúrẹ́ ló bí i. Òbúkọ ni caper lédè Látìn. Inú ìdílé ọ̀rọ̀ yẹn làwọn ará Ítálì ti yọ capriola tí wọ́n fi ń pe ìfò. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di capriole, ó sì ké e kúrú sí caper nígbà tí àwọn ọdún 1500 ń parí lọ. Ìdílé òbúkọ yìí gbòòrò: ìwo ewúrẹ́ ni Capricorn. Cabriolet jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin fúyẹ́ tó máa ń ta sókè sódò lójú títì, òun ni wọ́n gé kúrú sí cab. Ẹni tó bá wọ cab láti CMS lọ sí Ìkòyí, ẹ̀yìn ewúrẹ́ ló gùn.

Ti olè, ọmọ ti ìfò ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iṣẹ́ ọ̀daràn ní àwọn ọdún 1920. Ti ọkọ̀ kò bá wọn tan rárá: èdè Dutch ni, kaper, ọkọ̀ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ pé kó máa já ọkọ̀ ọ̀tá gbà lójú òkun. Ẹ pè é ní "ajalèlókun ọba" kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọdún 1600 ló wọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́ mọ́ àfi nínú ìtàn.

Alásè_Ìkòyí
Ti inú ìgò ni tèmi. Ẹ má pè é ní èso o. Ìrudi ni, ìyẹn òdòdó tí kò tíì là. Igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún kan, Capparis spinosa, ló ń so ó, àárín òkúta ló sì ń hù sí ní àgbègbè òkun Mẹditaréníà: Ítálì, Sípéènì, Mòrókò, Tọ́kì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, á ti là, ìgò kò gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wọ́n.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é lórúkọ lára ìgò. Nonpareil kò ju mílímítà 7 lọ. Surfines wà láàárín 7 sí 8, capucines 8 sí 9, capotes 9 sí 11, fines 11 sí 13. Gruesas ló ju 14 lọ. Kí orúkọ fines má tàn yín: ó jọ pé òun ló kéré jù, bẹ́ẹ̀ àwọn ńlá ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré máa ń le díẹ̀ lẹ́nu, odidi rẹ̀ la sì ń da sórí oúnjẹ. Àwọn ńlá rọ̀, òórùn wọn sì gbóná, wọ́n dára fún gígé wẹ́wẹ́ sínú mayonnaise.

Ohun mìíràn tún wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ èso lóòótọ́, caperberry. Bí wọ́n bá fi ìrudi sílẹ̀ tó là, tó gbó, òun ló ń dà. Ó tóbi tó olífì, igi gígùn wà nídìí rẹ̀, kóró wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá pe ìkan ní ìkejì, alásè á gbé ìgò tí kò yẹ.

Ní ti orúkọ, ẹ pè é ní képà bí ẹnu ṣe ń pè é. Ẹ fi "ìrudi képà" ṣáájú nígbà àkọ́kọ́ kó lè yé ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn ìyẹn, képà lásán ti tó.

Oníbéèrè_Fẹ́sítáàkì
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ìgò kan wà nílẹ̀ níbí tí àmì funfun tóótòòtó wà lára ìrudi inú rẹ̀. Ṣé ó ti bu ni? Ṣé a máa ń fọ̀ ọ́ kí a tó lò ó? Ẹlòmíì ní fífọ̀ ń pa adùn rẹ̀.

Alásè_Ìkòyí
Kò bu. Àmì funfun yẹn, rutin ni wọ́n ń pè é, ara ìrudi náà ló ti jáde tó sì dì síbẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ́. Èyí tó bu yàtọ̀: á hu irun lójú omi, ìdérí á wú, òórùn á yí padà. Ìyẹn, ẹ kó o dànù tìgò tìgò.

Ẹni tó ní kí ẹ má fọ̀ ọ́, ọbẹ̀ iyọ̀ ló fẹ́ fún yín. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ tàbí fínígà, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ ṣàn lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ẹ rọra fi ọwọ́ fún un. Èyí tó wà nínú iyọ̀ gbígbẹ, irú ti erékùṣù Pantelleria ní Ítálì, omi tútù ni ẹ máa rẹ ẹ́ sí fún ìṣẹ́jú 15, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ tún rẹ ẹ́. Ẹ wá ju ẹyọ kan sẹ́nu. Bí iyọ̀ bá ṣì gba gbogbo ẹnu, ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá tiẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má fi iyọ̀ tàbí magí sí oúnjẹ títí képà á fi wọlé tí ẹ ó sì tọ́ ọ wò. Ṣíbí ńlá kan ti inú omi iyọ̀ lè ní tó 200 mílígíráàmù sodium, èròjà inú iyọ̀, kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi í sọ́kàn.

Ẹja croaker fún ẹni méjì: ẹ fi ata díẹ̀ pa ẹja náà, ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ẹ din ín nínú òróró, ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí kò bá nípọn jù, ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ da òróró yẹn kúrò nínú páànù, ẹ dín iná kù, kí ẹ fi bọ́tà bíi gíráàmù 50 sí i. Á hó, ìfófòó rẹ̀ á lọ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì yí padà bíi ti ẹ̀pà sísun. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ni kí ẹ da képà ṣíbí ńlá kan ààbọ̀ sí i. Tí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ sí i, bọ́tà á dúdú, á sì korò. Ẹ mì í fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ pa iná, ẹ fún ìlàjì òsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ dà á lé ẹja lórí.

Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń dà á sínú ọbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń se ẹran. Á rọ̀, á di pẹ̀tẹ̀, òórùn tó ń ta nímú yẹn á bá ooru lọ, iyọ̀ nìkan á ṣẹ́ kù. Bí tòmátì bá ń hó fún sùpàgẹ́tì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ sọ̀ ọ́ ni kí képà wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ dín in kó le gbagidi, ẹ fi tíṣù gbẹ omi ara rẹ̀ dáadáa. Omi tó bá ṣẹ́ kù láàárín ewé ìrudi yẹn á ta òróró gbígbóná sí yín lójú. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Ẹ máa rí i tí ìrudi kọ̀ọ̀kan á là bí òdòdó nínú páànù. Bó bá ti là, ẹ yọ ọ́.

Oníbéèrè_Fẹ́sítáàkì
Ibo la ti ń rí i rà? Bí kò bá sí ńkọ́? Ṣé irú lè dípò rẹ̀?

Alásè_Ìkòyí
Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ní Victoria Island, Ìkòyí, Lẹ́kí àti Ìkẹjà, lórí pẹpẹ tí olífì wà ni kí ẹ wò. Ní Èkó Ìsàlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè ní Òkè-Àrìn. Ẹ fi ìka tẹ àárín ìdérí: bó bá ń lọ sílẹ̀ tó tún ń padà sókè, ẹ má rà á. Nọ́ńbà méjì ló sì máa ń wà lára ìgò, èyí tó kéré ni ìwọ̀n képà láìka omi. Òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò owó.

Irú kọ́ o. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì kéré lójú tí wọ́n sì pọ̀ nímú, ṣùgbọ́n irú ń mú kí ọbẹ̀ jinlẹ̀ ni, képà ń gé ọ̀rá. Bí kò bá sí, ẹ gé olífì aláwọ̀ ewé mẹ́rin sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, ẹ kán fínígà sí i, ó ti di ṣíbí ńlá kan.

Tí ẹ bá ti ṣí ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí omi rẹ̀ bo ìrudi lórí nígbà gbogbo. Ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi bù ú. Ẹni tó da omi náà nù nítorí kí ìgò lè fúyẹ́, òun ló pa á.

Eléwé_Mushin
Òórùn tó ń ta nímú tí ọ̀gá alásè ń sọ yẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun ló ń jáde lára ẹ̀kùyá tí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀. Inú ìdílé képà làwọn onímọ̀ ewéko kó ẹ̀kùyá sí tẹ́lẹ̀. Nísinsin yìí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà ní agboolé kan náà, pẹ̀lú mọ̀ríńgà, ìbẹ́pẹ àti kábéèjì. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní glucocapparin ló wà nínú képà àti ẹ̀kùyá. Bí ewé bá fọ́ tàbí tí iyọ̀ bá wọ ìrudi, ó máa ń pàdé èròjà mìíràn tó wà lára ewéko náà, àwọn méjèèjì á wá tú epo tó ń ta nímú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrudi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já fi korò lásán, tó jẹ́ iyọ̀ ló ń ṣí i.

Ògbufọ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ bá rí caper spurge nínú ìwé, kì í ṣe oúnjẹ. Euphorbia lathyris ni, ìbátan igi oró. Èso rẹ̀ jọ képà lójú, oje funfun ló ní, májèlé sì ni. Ẹ kọ "oró eléso-bíi-képà", kí ẹnikẹ́ni má lọ já a sínú ìkòkò.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí ìkòkò. Ọmọdé tó ń caper kiri ọgbà ńkọ́? "Fò" nìkan kò tó. Bí wọ́n ṣe fò ni Yorùbá máa ń bèèrè. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ni ọmọ náà gbé, ó ń tọ ni. Bó bá fi orí kọ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ gba òkè, ó takìtì, ìyẹn ti àwọn egúngún onídán. Bó bá jẹ́ pé ayọ̀ ló ń gbé e nílẹ̀ láìsí ìdí, bẹ́ ni: "ó ń bẹ́ kiri bí ọmọ ewúrẹ́ tó mumú yó." Ẹ ti rí i pé ewúrẹ́ padà sílé.

Bó bá jẹ́ ti oníjó, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Cabriole inú ijó balẹ́ẹ̀tì: oníjó á ju ẹsẹ̀ kan sókè, ìkejì á bá a lókè, á gbá a, ẹsẹ̀ kejì yìí náà ló sì máa fi balẹ̀. "Ó bẹ́, ó fẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ lókè." Capriole ti ẹṣin tún yàtọ̀: ẹṣin á bẹ́ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọọrọ bí ẹni fẹ́ ta èèyàn nípàá, á sì padà balẹ̀ síbi tó ti gbéra. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin tó lókìkí ní Vienna ṣì ń kọ́ ẹṣin ní èyí.

Onífíìmù_Sùúrùlérè
Ti ọlọ́pàá kò le. Ẹ má kọ "ìdigunjalè" o, ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìyẹn. Caper jẹ́ olè tí wọ́n fi ọgbọ́n pète, tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, tí òǹwòran máa ń fẹ́ kí wọ́n mú un jẹ. Jìbìtì jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn, wàyó náà kò jìnnà sí i. Rìkíṣí le jù, ó ní ọ̀tá nínú. "Ta ló wà nídìí magomágo yìí?" ni kí ọlọ́pàá sọ. Ó gba ẹnu ọlọ́pàá Èkó dáadáa. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀, "eré olè ọlọ́gbọ́n" ni mo máa ń pè é.

Bó bá jẹ́ ìyá ló ń bá ọmọ wí nípa capers rẹ̀, "ìranù" ti tó. Àwọn ará Ìlú Ọba a sì máa sọ "and all that caper" nípa ohun tó sú wọn: "àti gbogbo irú wàhálà bẹ́ẹ̀."

Ògbufọ̀_Yábàá
Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ku èyí tó burú jù, tí mo fi pamọ́. Ní apá karùn-ún, àwọn kan ń ṣe ìdánrawò Twelfth Night ti Shakespeare, ìran kẹta nínú ìpín kìn-ín-ní. Andrew ń ṣe fáàrí pé òun lè bẹ́ sókè dáadáa nínú ijó, "cut a caper" ló pè é. Toby fèsì pé òun náà lè gé ẹran àgùntàn tó máa bá a lọ. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ni pé ọbẹ̀ képà làwọn ará Ìlú Ọba máa ń bù sórí ẹran àgùntàn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ìfò àti oúnjẹ jókòó sínú ọ̀rọ̀ kan?

ÌwéÈdè_Akọkà
Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu ọmọ Ìsàlẹ̀Èkó lókè yẹn: bẹ́. A ń bẹ́ sókè, a sì ń bẹ́ igi, a ń bẹ́ ẹran lórí. Ìró kan náà, àmì ohùn kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ní láti lo "cut" àti "caper" kó tó rí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ṣe, "bẹ́" nìkan dá a gbé.
Andrew: "Ṣé ẹ mọ̀ pé mo lè bẹ́?"
Toby: "Èmi náà lè bẹ́. Ẹ mú àgùntàn wá."

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ó dùn, àmọ́ alápatà kan á ní a kì í bẹ́ ẹran, a ń kun ún ni.

ÌwéÈdè_Akọkà
Tó bá ti kú, a ń kun ún. Tó bá ṣì wà láàyè, orí rẹ̀ la ń bẹ́. Toby kò tíì pa á.

Alásè_Ìkòyí
Ọbẹ̀ ti sọnù níbẹ̀ o. Oúnjẹ ni ìdajì ẹ̀fẹ̀ náà.

ÌwéÈdè_Akọkà
Ó tọ́. Ẹ jẹ́ ká dá a padà: "Ìwọ bẹ́, èmi á mú ọ̀bẹ, àgùntàn á di ọbẹ̀." Bẹ́, ọ̀bẹ, ọbẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ àmì ohùn gàdàgbà sínú ìwé òṣèré, torí bó bá pe ọ̀bẹ bí ọbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ti kú.

Onífíìmù_Sùúrùlérè
Ó tiẹ̀ bá ẹnu mu. Ètè máa ń pàdé lórí p inú caper, ó sì ń pàdé lórí b inú bẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí "bẹ́" ti Andrew bọ́ sí òpin gbólóhùn, níbi tí caper wà. Gbólóhùn Toby gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bí kámẹ́rà bá wà lójú rẹ̀, ẹ yọ "èmi á mú" kúrò: "Ìwọ bẹ́, ọ̀bẹ rèé, àgùntàn dọbẹ̀."

Ògbufọ̀_Yábàá
Mo ti mú un bẹ́ẹ̀. Fún apá kìn-ín-ní mo kọ: "Da ṣíbí ìrudi képà méjì sórí ẹja náà."

Alásè_Ìkòyí
Ẹ tún àwòrán yẹn wò kí ẹ tó tì í. Kí ló wà nínú ṣíbí alásè náà? Ṣé ó ní igi nídìí?

Ògbufọ̀_Yábàá
Yéè! Ó ní igi. Mẹ́ta péré ló gba inú ṣíbí, ó tóbi tó olífì.

Alásè_Ìkòyí
Ẹ pa "ìrudi" rẹ́ nígbà náà, kẹ́ ẹ kọ "èso képà".